Ó Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Tèmi, Kí Ló Dé Tí Kò Ṣiṣẹ́ Lórí Tiyín?

Ọ̀rọ̀ tòní dá lé Linux, àti bí a ṣe ń kọ́ sọ́fítíwià tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní open source. Bí ẹ bá ń ka ètò yìí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, àǹfààní kan wà fún yín: gbogbo àṣẹ tí mo dárúkọ ni mo kọ sílẹ̀ síbí, kí ẹ lè dà wọ́n kọ.

Ìbéèrè kan ló bí ètò yìí. Tíṣà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ̀wé sí mi. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, Debian 11 ló sì wà lórí wọn. Wọ́n ní àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n ti ya fọ́tò ojú ewé wọn, wọ́n sì fẹ́ lo Tesseract láti sọ fọ́tò náà di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ kan tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà bá wọn kọ́ Tesseract tuntun lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń lo Ubuntu 24.04. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi flash gbé e wá. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, lára ohun tó jáde nìyí:

./tesseract: /lib/x86_64-linux-gnu/libc.so.6: version `GLIBC_2.38' not found (required by ./tesseract)

Wọ́n gbé e lọ sórí ìkejì àti ìkẹta títí dé ìkẹjọ. Ohun kan náà ni. Tíṣà wá béèrè pé: "Ṣé kọ̀ǹpútà wa ti gbó jù ni? Àwọn òbí ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó láti ra tuntun."

Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n fi owó wọn sápò ná. Kò sí ohun tó ṣe àwọn kọ̀ǹpútà yẹn, kò sì sí ohun tó ṣe Tesseract. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ wà. Sọ́fítíwià tí a bá kọ́ tán máa ń gbé àmì ibi tí a ti kọ́ ọ kiri. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lórí Linux tó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lò, kó sì dán an wò lórí àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí n sì sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é lórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo.

Kíkọ́ bí ẹni kọ́lé

Kíkọ́ tí mò ń sọ níbí, bí ẹni kọ́lé ni, kì í ṣe bí ẹni kọ̀wé. Kóòdù tí ènìyàn fọwọ́ kọ, ìyẹn source code, dà bí àwòrán ilé lórí pépà. Ẹ lè mú àwòrán kan náà lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Irú ilẹ̀ tí bíríkìlà bá bá níbẹ̀ ló máa pinnu irú ìpìlẹ̀ tó máa fi sí i. Compiler ni bíríkìlà tiwa. Òun ló ń ka kóòdù, tó ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Lórí Linux, GCC ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò.

Sọ́fítíwià kì í dá gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bó bá fẹ́ ṣí fáìlì, bó bá fẹ́ kọ nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, bó bá fẹ́ mọ aago tó lù, ó máa ń bẹ àwọn library níṣẹ́. Library ni àkójọ iṣẹ́ tí àwọn kan ti kọ kóòdù rẹ̀ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià jọ ń lò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lórí Debian, Ubuntu, Fedora àti Arch ni GNU C Library, tí gbogbo wa ń pè ní glibc. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sọ́fítíwià kan lórí wọn tí kò fẹ̀yìn tì í.

Ẹ wá fojú inú wo rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọn kì í pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́ nínú rẹ̀. Bí ọdún bá ti yí, wọ́n á fi orúkọ tuntun kún un, wọ́n á sì kọ ọdún tí onítọ̀hún wọlé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí glibc ṣe rí gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó lè ṣe ní orúkọ, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní òǹtẹ̀ tó ń sọ ẹ̀dà glibc tó kọ́kọ́ ní in. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ sọ́fítíwià, ó máa ń kọ àwọn orúkọ tó fẹ́ pè sínú ara rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Linux á mú rẹ́jísítà kọ̀ǹpútà yẹn, á wo orúkọ wọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí òǹtẹ̀ kan, kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá.

Ẹ̀dà glibc tó wà lórí díẹ̀ nínú àwọn Linux tí a mọ̀ nìyí:

Debian 11 àti Ubuntu 20.04: 2.31
Ubuntu 22.04: 2.35
Debian 12: 2.36
Ubuntu 24.04: 2.39

Bí ẹ bá fẹ́ mọ tiyín, ẹ tẹ ldd --version. Ìlà àkọ́kọ́ ló máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èyí tí a bá kọ́ lórí 2.31, kìkì orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà 2.31 ló lè pè, gbogbo wọn ló sì ṣì wà nínú 2.39. Ìdí nìyẹn tí ohun tí a kọ́ lórí Linux àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá kọ́ lórí 2.39 lè béèrè orúkọ tí Debian 11 kò gbọ́ rí.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn níbí. Wọ́n á ní: "Kóòdù mi kò lo nǹkan tuntun kankan, ọdún kẹwàá rèé tí mi ò fọwọ́ kàn án." Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ kò gbà wọ́n. Nígbà tí glibc 2.34 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n kó àwọn library kéékèèké bíi libpthread wọ inú libc fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó ń jẹ́ __libc_start_main sì gba òǹtẹ̀ tuntun. Ẹnu ọ̀nà tí sọ́fítíwià gbà ń bẹ̀rẹ̀ niyẹn. Nítorí náà, kódà kóòdù ìlà mẹ́ta tó kàn ń kí ènìyàn káàárọ̀, bí ẹ bá kọ́ ọ lórí Ubuntu 22.04 bó ṣe máa ń wà, kò ní ṣiṣẹ́ lórí Debian 11. Nígbà tó tún di 2.38, àwọn iṣẹ́ bíi strtol àti sscanf, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, náà gba orúkọ tuntun. Ibẹ̀ ni 2.38 tí tíṣà wa rí ti wá.

Kí ẹ tó fi sọ́fítíwià kankan ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹ bi í léèrè ohun tó máa béèrè:

objdump -T ./tesseract | grep -o 'GLIBC_[0-9.]*' | sort -Vu | tail -n 1

Nọ́ńbà tó bá jáde ni glibc tó kéré jù tó lè gbà á. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìrìn àjò asán. Bí kóòdù yín bá jẹ́ ti C++ bíi Tesseract, ẹ tún wo GLIBCXX lọ́nà kan náà, nítorí library C++ náà ní rẹ́jísítà tirẹ̀.

Nígbà tí fáìlì wà níbẹ̀ tí Linux ní kò sí

Alpine Linux tún yàtọ̀. Kò lo glibc rárá; musl ló ń lò. Bí ẹ bá gbé ohun tí a kọ́ lórí Ubuntu débẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni:

sh: ./tesseract: not found

Ẹ tẹ ls, ẹ ó rí fáìlì yẹn níwájú yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé ojú ń ṣe àwọn. Ohun tí kò sí kì í ṣe Tesseract, bí kò ṣe ẹni tó yẹ kó gbé e dìde. Gbogbo sọ́fítíwià tó fẹ̀yìn ti glibc ló kọ ọ́ sínú ara rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ pe /lib64/ld-linux-x86-64.so.2. Alpine kò ní in níbẹ̀. Bí ẹ bá rí not found, tí fáìlì sì wà, ẹ tẹ file ./tesseract, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé interpreter nínú èsì rẹ̀ ló máa sọ ẹni tó ń wá fún yín.

Orúkọ ń yí padà láti ìlú sí ìlú

Kódà bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ fúnra yín lórí Linux kọ̀ọ̀kan, ẹ ó pàdé ọ̀rọ̀ orúkọ. Tesseract nílò Leptonica, library tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí àwòrán. Bí Leptonica kò bá sí, ./configure yóò dúró, yóò sì sọ pé:

configure: error: Leptonica 1.74 or higher is required. Try to install libleptonica-dev package.

Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tó wà lórí Debian. Ẹni tó wà lórí Fedora tó bá tẹ sudo dnf install libleptonica-dev kò ní rí nǹkan kan, á sì rò pé Fedora kò ní Leptonica. Ó ní in, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹ wò ó:

Debian àti Ubuntu: build-essential, libleptonica-dev
Fedora: gcc-c++, make, leptonica-devel
Arch: base-devel, leptonica
Alpine: build-base, leptonica-dev

Ẹ ṣàkíyèsí pé Debian àti Alpine máa ń fi -dev sí ìdí orúkọ, Fedora ń fi -devel, Arch kì í fi nǹkan kan. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà.

Ọ̀ràn kejì ni ibi tí nǹkan ń wà. Bí ẹ bá tẹ make install, library máa ń lọ sí /usr/local/lib. Debian máa ń wo ibẹ̀; ẹ kàn tẹ sudo ldconfig lẹ́yìn rẹ̀ ni. Fedora kì í wo ibẹ̀ àfi bí ẹ bá sọ fún un. Bí ó bá sọ pé òun kò rí libtesseract.so.5, ẹ kọ /usr/local/lib sínú fáìlì kan nínú /etc/ld.so.conf.d, kí ẹ tó tẹ ldconfig.

Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà

Ẹnìkan á ní: "Láptọ́ọ̀pù kan ni mo ní. Níbo ni mo ti fẹ́ rí Debian, Fedora àti Alpine lẹ́ẹ̀kan náà?" Iṣẹ́ virtual machine nìyẹn, kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwià ṣe, tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà yín. Ó ní díìsìkì tirẹ̀, tó jẹ́ fáìlì kan lásán lọ́dọ̀ yín, ó sì ní mẹ́mọ́rì tí ẹ bá pín fún un. VirtualBox rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lórí Linux, QEMU pẹ̀lú KVM ni èmi ń lò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ls /dev/kvm. Bí kò bá sí, ẹ wọ inú BIOS kí ẹ tan virtualization, torí láìsí i, QEMU á máa falẹ̀ bí ìgbín.

Láptọ́ọ̀pù tó ní mẹ́mọ́rì 8 GB lè gbé virtual machine kan tó ní 2 GB láìsí wàhálà. Ẹ máa tan wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ má kó gbogbo wọn jọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún make -j8. Nọ́ńbà yẹn ń sọ iye bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bíríkìlà C++ kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ mẹ́mọ́rì púpọ̀. Bí ẹ bá rí fatal error: Killed signal terminated program cc1plus, kóòdù yín kò ní àléébù, mẹ́mọ́rì ló tán. Ẹ lo make -j2.

Nípa dátà, tí gbogbo wa mọ iye tí à ń rà á: git clone --depth 1 máa gbé kóòdù tòní wá láìkó ìtàn gbogbo ọdún tó ti kọjá dání. Bí virtual machine yín bá ju ẹyọ kan lọ, tí wọ́n sì jẹ́ Debian tàbí Ubuntu, ẹ fi apt-cacher-ng sórí láptọ́ọ̀pù. Ohun tí ọ̀kan bá ti gbà wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, èkejì á mú un nílé.

Nípa iná mànàmáná: bí ẹ bá ti fi Linux àti gbogbo èròjà kíkọ́ sínú virtual machine tán, ẹ ya snapshot rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ fi bó ṣe rí lásìkò náà pamọ́, kí ẹ lè padà síbẹ̀ nígbàkigbà. Bí iná bá lọ láàárín make, ẹ má fòyà. Make mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé, kì í tún èyí tó ti parí ṣe. Fáìlì kan tó wà lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ nìkan ló lè bàjẹ́. Bí ó bá ń kùn nípa fáìlì.o kan, ẹ pa ìyẹn rẹ́ kí ẹ tún tẹ make.

Ohun tó fúyẹ́ ju virtual machine lọ tún wà, ìyẹn container, tí Docker àti Podman ń lò. Container máa ń gbé glibc àti àwọn library Debian 11 wá, ṣùgbọ́n kernel láptọ́ọ̀pù yín náà ló ń lò. Nítorí náà, kì í jẹ mẹ́mọ́rì púpọ̀. Àwòrán Alpine tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ container kò tó 10 MB. Fún ọ̀ràn glibc tí à ń sọ yìí, podman run -it debian:11 ti tó. Ìgbà tí ẹ nílò virtual machine gan-an ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan kernel fúnra rẹ̀, tàbí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tan, tàbí nígbà tí ẹ bá fẹ́ rí Linux náà pátápátá bí ẹni tó ń lò ó ṣe máa rí i.

Bí a ṣe yanjú ti Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún tíṣà ni pé kí wọ́n má kọ́ ohun tí wọ́n lè rí gbà. Debian 11 ní Tesseract 4.1.1 nílẹ̀, ó sì ní fáìlì èdè Yorùbá: sudo apt install tesseract-ocr tesseract-ocr-yor. Bí ìyẹn bá tó, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n Tesseract 5 ni ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ń béèrè. Mo tan Debian 11 nínú virtual machine, mo sì tẹ ìwọ̀nyí nínú fódà Tesseract:

sudo apt install build-essential autoconf automake libtool pkg-config libleptonica-dev
./autogen.sh
./configure --disable-shared
make -j2

Mo fi --disable-shared sí i kí libtesseract lè wọ inú sọ́fítíwià náà fúnra rẹ̀, kí fáìlì kan péré lè jẹ́ ẹrù wọn. Leptonica ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, ó sì ti wà níbẹ̀ nítorí ẹ̀dà 4.1.1 ti gbé e wá. Mo fi objdump wò ó, kò sí òǹtẹ̀ kankan tó ju 2.31 lọ. Fáìlì yor.traineddata kò nílò kíkọ́ rárá. Ìmọ̀ ni, kì í ṣe ilé, kò sí Linux tí kò lè kà á. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tẹ:

./tesseract oju1.png oju1 -l yor

Ó ṣiṣẹ́ lórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Iṣẹ́ tó kù báyìí ni kí ènìyàn máa ka èsì rẹ̀, kó máa tún àmì ohùn àti àwọn lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ṣe, torí kò sí ẹ̀rọ tó yẹ kí a fi ìwé wa sílẹ̀ fún láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣe láti òní lọ

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Àwọn oní-Python ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní manylinux2014: CentOS 7, tí glibc rẹ̀ jẹ́ 2.17, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ohun tí wọ́n bá kọ́ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn tó ń lo AppImage ń gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di àṣejù. Linux tó ti gbó tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ kì í ṣe ibi tí a ń gbé. Ibi tí a ti ń kọ́ nǹkan ni, nínú virtual machine, kúrò lójú íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sì kó library wọ inú sọ́fítíwià rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé apt kò ní bá a tún un ṣe mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kọ́ ọ ní àkọ́tún.

Bí ẹ bá ní sọ́fítíwià tí ẹ fẹ́ fún aráyé, ẹ kọ ohun mẹ́rin sínú README rẹ̀: Linux tí ẹ kọ́ ọ lé lórí, glibc tó kéré jù tó lè gbà á, àwọn Linux tí ẹ ti dán an wò, àti orúkọ àwọn èròjà rẹ̀ lórí ó kéré tán Debian àti Fedora. Ìlà mẹ́rin yẹn lè gba ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀ rí lọ́wọ́ ríra kọ̀ǹpútà tí kò nílò.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Virtual machine ti mú oko ẹlòmíràn wá sílé wa. Ẹ yà á wò kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Ní ètò tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè ṣe package .deb fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìkìlọ̀ kan tí kò yé yín, ẹ dà á kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú èsì ldd --version.